Fífi Awò VR Yẹ Iyè Àgbàlagbà Wò ní Àbújá

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbà láti Kubwa, láti Gwarinpa, láti Lugbe, títí kan àwọn tó ń gbé Mararaba: "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń fi awò VR wo ìgbàgbé. Ṣé mo lè gbé màmá mi wá, kí ẹ fi í sí wọn lójú, kí a mọ̀ bóyá wọ́n ti ń ṣarán?" Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké náà ń bèèrè tiwọn: awò wo ni kí a rà, ìdánwò wo ni kí a lò, máàkì mélòó ló burú.

Awò VR (virtual reality) ni awò ńlá tí a ń dé bo ojú, tó ń fi ibi tí kò sí níbẹ̀ han ẹni tó dé e. Ó ṣeé ṣe láti fi í yẹ ìrántí wò, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n awò kò lè sọ fún yín pé àrùn ìgbàgbé ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ènìyàn lọ síbi tó jọ ọjà, tó jọ ilé ìdáná, tó jọ àdúgbò, kí ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ń rántí nǹkan àti bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́. Bébà àti bíírò kì í fi bẹ́ẹ̀ fi ìyẹn hàn. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni pé kí ẹ má wọn ìbẹ̀rù awò, kí ẹ wá pè é ní ìgbàgbé. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, torí ìyẹn ni.

## Ta ni kò gbọdọ̀ dé e

Bí ọ̀rọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, tó jẹ́ pé lánàá Bàbá ń dárúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn, tó wá di òwúrọ̀ yìí tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ má ronú VR rárá. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà, àrùn ojú ilé ìtọ̀, ṣúgà ara tó já wálẹ̀, rọpárọsẹ̀, tàbí orí tí wọ́n fi gbálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo wọn ló lè da ọpọlọ rú bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbé tó ń yọ́ wọlé láti oṣù dé oṣù ni awò wúlò fún.

Ẹ má fi awò dé ẹni tí:

- wárápá ń ṣe, pàápàá èyí tí iná tó ń ṣẹ́jú máa ń fà
- òòyì máa ń kọ́ títí tó fi ń ṣubú
- wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, àfi bí dókítà ojú bá ti ní kò séwu mọ́
- ẹ̀rọ wà láyà rẹ̀ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù, àfi bí dókítà ọkàn bá gbà
- ọrùn ń dùn gidigidi (Quest 3, ọ̀kan lára àwọn awò yìí, lé ní ìdajì kílò, gíráàmù 515)
- ó ti ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Awò tó ń fi ohun tí kò sí hanni kò yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ ohun tó ń jọ ìgbàgbé wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò wá nínú náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n rántí nìkan. Oògùn oorun bíi diazepam, àti oògùn ọ̀fìnkìn tó ń múni tòògbé bíi chlorpheniramine, lè mú kí iyè àgbàlagbà ṣú. Ẹ wo etí wọn. Ẹ bèèrè bóyá ìbànújẹ́ wà, bóyá ọkọ tàbí aya ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, bóyá oorun ń wá. Dókítà yóò fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún fítámì B12 àti iṣẹ́ ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn (thyroid), torí àwọn wọ̀nyí ṣeé tọ́jú, ìrántí sì lè padà. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní ó ń ṣarán, epo etí ni wọ́n fọ̀ jáde.

## Awò àti yàrá

Awò tó ń tẹ̀ lé gbogbo ara ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ń tẹ̀ lé orí nìkan. Ìyàtọ̀ wọn rèé: bí ẹ bá tẹ̀ síwájú láti wo ìgò kan, èyí tó dáa yóò sún yín mọ́ ìgò náà, èyí tí kò dáa yóò gbé ìgò náà lọ pẹ̀lú orí yín, inú yín yóò sì rú. Meta Quest 3, Quest 3S àti Pico 4 ń ṣiṣẹ́ láìsí kọ̀ǹpútà. Páálí tí wọ́n ń ki fóònù bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Bátìrì wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ sì mọ ilẹ̀ tí a wà: ẹ gba iná sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má dúró de àárọ̀.

Ní ti yàrá:

- Àga tó ní apá, tí kò ní táyà, tí kì í yí. Jíjókòó ni ìdánwò àgbà, kì í ṣe dídìde.
- Iná tó tó, torí kámẹ́rà ara awò ń wo yàrá kó lè mọ ibi tó wà. Yàrá tó ṣókùnkùn á mú kí àwòrán máa fò.
- Kọ́tìnnì. Bí oòrùn bá wọ inú díńgí awò lọ tààrà, ó máa jó ojú ìran inú rẹ̀. Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
- Jẹnẹrétọ̀ kó jìnnà. Bí ti aládùúgbò bá ń pariwo, ẹ sún ìdánwò síwájú. Àgbàlagbà tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yín dáadáa kò ní lè rántí rẹ̀.
- Wi-Fi kan náà fún awò àti fún fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ lè máa rí ohun tí wọ́n ń rí. Ẹ má dé e fún ẹnikẹ́ni bí ẹ kò bá rí ohun tó ń rí.

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ máa ń bo gbogbo nǹkan ní erùpẹ̀ ní ìhà yìí. Aṣọ gbígbẹ rírọ̀ tí a fi ń nu awò ojú ni kí ẹ fi nu díńgí náà, kí ẹ tó dé e fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi spírítì nù ún. Ó máa ń ba díńgí jẹ́. Ní oṣù Kíní kan, Bàbá kan sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé "ìkùukùu wà nínú ọjà yín." Mo rò pé àsọdùn ni. Nígbà tí mo dé e fúnra mi, erùpẹ̀ ló bo ojú ọ̀tún.

Ọ̀rọ̀ gèlè náà kò ṣeé fojú fò. Ìgbànú awò kò ní dúró lórí gèlè, Màmá tó jẹ́ Mùsùlùmí kò sì ní fẹ́ ṣí orí níwájú ọkùnrin. Ẹ sọ fún ọmọ wọn láti ilé pé kí wọ́n wé ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá, kí obìnrin sì jẹ́ ẹni tí yóò dé awò fún wọn. Bí ẹ bá tú gèlè ìyá oníyàá lójijì, ẹ ti ba ìdánwò jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

## Ìdánwò wo ni kí ẹ mú

Ẹ má ra ètò tó ní eré ogún nínú. Mẹ́rin ti tó, ẹ sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wò:

- Ríra ọjà. Wọ́n gbọ́ orúkọ nǹkan márùn-ún, wọ́n wọ ìsọ̀, wọ́n mú wọn. Èyí ń wo ìrántí ohun tuntun.
- Ọ̀nà àbọ̀. Wọ́n rìn láti ẹnu géètì dé ilé kan, wọ́n wá gba ọ̀nà náà padà. Apá ọpọlọ tó ń tọ́jú ọ̀nà àti èyí tó ń tọ́jú ìrántí tuntun, ìtòsí ara wọn ni wọ́n wà, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí àrùn Alzheimer (irú àrùn ìgbàgbé kan) máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi fẹ́ràn ìdánwò yìí. Sea Hero Quest, eré orí fóònù tó jáde ní 2016, tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ta káàkiri ayé, ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ dá lé.
- Ilé ìdáná. Pípo tíì tàbí síse oúnjẹ ránpẹ́, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ètò ṣíṣe àti ìpinnu ló ń wò.
- "Bí ẹ bá gbọ́ agogo, ẹ pa gáàsì." Ìrántí ohun tí a ní láti ṣe tó bá yá. Ní tèmi, òun ló ń sọ òtítọ́ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ohun tí àwọn ọmọ máa ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn nílé náà nìyẹn.

Ẹ wo inú ìwé tó bá ètò yín wá: àwọn wo ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ àwọn ará Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà tí wọ́n lọ sílé ìwé gíga, máàkì tí wọ́n kọ sínú ìwé náà kì í ṣe òdiwọ̀n fún ìyá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ta ẹ̀wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ lè lo ètò náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi máàkì inú ìwé rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n.

### Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa pè

Ohùn òyìnbó ló sábà máa ń wà nínú awò. Ẹ pa á, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tiyín sílẹ̀ ní Yorùbá, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà kan náà. Bí ẹ bá ti yí ohùn padà, máàkì inú ìwé wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju kí Màmá máa gbìyànjú láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń yan nǹkan márùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún ohùn. Igbá, ìgbá, igba, ìgbà: etí tó ti wúwo díẹ̀ kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọkọ́ àti ọkọ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ ọkọ̀ nígbà tí ẹ pe ọkọ́ kò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ mú ọ̀rọ̀ tó jìnnà síra: búrẹ́dì, àlùbọ́sà, ìṣáná, ọṣẹ, ẹja. Ẹ sì to márùn-ún mìíràn sílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ máa tún un ṣe.

## Ọjọ́ kìíní: kò sí ìdánwò

Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibí yìí, ibí yìí gan-an sì ni gbogbo àṣìṣe mi ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ ti wá.

Àlàájà kan wà tí wọ́n ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìlọrin kí wọ́n tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Kubwa. Mo dé awò fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, mo ka nǹkan márùn-ún sí wọn létí, mo ní kí wọ́n rà wọ́n. Wọ́n jókòó. Mò ń wò ó lórí fóònù: wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n tún wo ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá, wọn ò mú nǹkan kan. Mo kọ òdo.

Mo bọ́ awò, mo ní, "Màmá, kí ni mo ní kí ẹ rà?"

"Búrẹ́dì, mílíìkì, ẹyin, ọṣẹ, ṣúgà."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò mú wọn?"

"Ọwọ́ ta ni kí n ti mú un? Mo wọ ìsọ̀ onísọ̀, mi ò rí ẹni tí mo máa kí, mi ò mọ iye tó ń tà á. Ṣé kí n máa jí i ni?" Wọ́n wá gbé kọntirólà ọwọ́ òsì, ohun tí a ń fi ọwọ́ mú láti fi gbé nǹkan nínú awò, sókè. "Èyí náà ńkọ́? Ọwọ́ òsì ni o ní kí n fi gba nǹkan?"

Mo fa igi lé òdo náà. Èmi ni mo kùnà, kì í ṣe àwọn.

Torí náà, ohun tí mò ń ṣe báyìí lọ́jọ́ kìíní nìyí:

1. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ kí ẹ tó mú ohunkóhun jáde, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra wọn, kì í ṣe ọmọ wọn. "Màmá, ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?" Àwọn ọmọ kan ti sọ fún wọn láti ilé pé fíìmù ni wọ́n ń lọ wò. Ẹ tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní rárá, ó parí.
2. Ẹ fi awò lé wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí i, kí wọ́n wo inú rẹ̀, kí wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀.
3. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ dé e, kí wọ́n rí i pé ojú yín kò fọ́.
4. Ẹ dé e fún wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, pẹ̀lú ìran tí nǹkan kan kò ti rìn: ọgbà tàbí etí òkun. Ọwọ́ kan yín kó wà ní èjìká wọn.
5. Ẹ sọ fún wọn pé ìsọ̀ tí wọ́n máa wọ̀, tiwọn ni. "Ẹ̀yin lẹ ni ín, ọmọ yín ló rán yín ní ọjà, ẹ kàn máa kó o." Gbólóhùn kan yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ òdo.
6. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú nǹkan mẹ́wàá tí kò sí nínú ìdánwò. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan, bí ètò náà bá gbà á. Bí kọntirólà bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí awò náà sì lè mọ ọwọ́ lásán, ẹ lo ọwọ́ lásán.
7. Bí wọ́n bá lè mú mẹ́jọ nínú mẹ́wàá láìsí ìrànlọ́wọ́, wọ́n ti mọ irinṣẹ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ tún ọjọ́ mìíràn dá, ẹ má wọ ìdánwò. Mẹ́jọ yìí, òdiwọ̀n tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sílé. Ọjọ́ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìdánwò.

## Ọjọ́ ìdánwò

1. Àárọ̀ ni, lẹ́yìn oúnjẹ àti oògùn. Kò gbọdọ̀ jẹ́ àsìkò ààwẹ̀, kò sì gbọdọ̀ há mọ́ àkókò ìrun Jímọ̀. Ẹ fún wọn láyè láti sinmi bí wọ́n bá ti jókòó nínú gó-sílò láti Nyanya fún wákàtí méjì kí wọ́n tó débẹ̀.
2. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò.
3. Ẹ ṣe ìdánwò ẹnu kọ́kọ́, láìsí awò. Fún ẹni tó kàwé, MoCA, ìdánwò ìrántí àti ìrònú tó ní máàkì 30, bí ẹ bá ti gba ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ni ín ń béèrè. Fún ẹni tí kò kàwé, ìdánwò mìíràn tó ń jẹ́ IDEA sàn jù: Tanzania ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ti dán an wò ní Nàìjíríà, ìṣáná ni wọ́n fi ń to àwòrán níbẹ̀, kò sí pé à ń yàwòrán aago bíi ti MoCA.
4. Ẹ pe nǹkan márùn-ún náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ láàárín. Ẹ ní kí wọ́n tún un pè lójú ẹsẹ̀. Bí wọn ò bá lè tún un pè lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ẹ dúró. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrántí síbẹ̀. Etí ni, tàbí ọkàn kò sí níbẹ̀.
5. Ẹ dé awò. Bí wọ́n bá ń lo awò ojú, kó wà nínú rẹ̀. Ẹ tún àyè àárín díńgí méjèèjì inú awò ṣe kó bá ojú wọn mu, títí tí wọ́n á fi lè sọ ohun tó wà níwájú wọn. Ẹ má bèèrè pé "ṣé ó hàn?" Àgbà á ní ó hàn kó má baà yọ yín lẹ́nu. Ẹ bèèrè pé "kí lẹ rí?"
6. Ìdánwò ọjà. Ẹ dákẹ́. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá láìsí nǹkan, ẹ fún wọn ní ìrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo tí ẹ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí i.
7. Ẹ bèèrè: "Ṣé òòyì ń kọ́ yín? Ṣé inú ń rú yín?" Ẹ wo iwájú orí wọn fún òógùn. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "díẹ̀," ẹ bọ́ ọ. "Díẹ̀" lẹ́nu àgbà kì í ṣe díẹ̀.
8. Ilé ìdáná àti agogo gáàsì.
9. Ọ̀nà àbọ̀ gbẹ̀yìn, torí òun ló ń fa òòyì jù. Bí ètò náà bá gba kí wọ́n máa fò láti ibì kan sí èkejì dípò kí wọ́n máa yọ́ lọ, ẹ yan fífò.
10. Ẹ bọ́ awò. Gbogbo àkókò orí wọn nínú awò kò gbọdọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ, pẹ̀lú ìsinmi láàárín.
11. Ẹ fún wọn ní omi, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tó bá tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìdánwò ọjà, ẹ bèèrè nǹkan márùn-ún náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n bá rántí fúnra wọn, ẹ dárúkọ mẹ́wàá, márùn-ún tòótọ́ àti márùn-ún irọ́, kí wọ́n sọ èyí tó wà níbẹ̀.
12. Wọn ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọn ò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀, títí ojú wọn á fi walẹ̀. Mo máa ń dá wọn dúró fún ìdajì wákàtí.

Àwọn ọmọ kó wà níta. Ọmọ tó ń pariwo pé "Màmá, búrẹ́dì nìyẹn lápá ọ̀tún!" ti gba máàkì ìyá rẹ̀ lọ.

## Kíkọ ọ́ sílẹ̀ àti kíkà á

Bí ìwé mi ṣe máa ń rí nìyí, láìsí orúkọ:

> Nọ́ńbà 14. Ọdún 71. Ìwé mẹ́fà. Ti lo awò rí: ọjọ́ 1, mú 9 nínú 10.
> Tún un pè lójú ẹsẹ̀: 5. Mú ní ọjà: 4, ìrànlọ́wọ́ 1.
> Agogo gáàsì: gbọ́ ọ, wo ẹ̀yìn, kò pa á.
> Ọ̀nà àbọ̀: ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan náà.
> Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú: 1. Nígbà tí a dárúkọ 10: mú 2 tòótọ́, mú 2 irọ́.
> Òòyì: kò sí. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, kò kan awò.

Ẹ má ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí máàkì kan. Bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ló ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹnu wọn bá lè ka nǹkan náà tí ọwọ́ wọn ò lè mú un nínú awò, awò ló dí wọn lọ́wọ́. Ẹ padà sí ọjọ́ kìíní.

Bí wọn ò bá rántí fúnra wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n mú gbogbo rẹ̀ nígbà tí ẹ dárúkọ rẹ̀, ohun náà wọlé, jíjáde ló ń ni ín lára. Ìbànújẹ́, àìsùn, oògùn, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣàn dáadáa nínú ọpọlọ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ṣì gbọ́dọ̀ rí wọn.

Irú Nọ́ńbà 14 ni kí ẹ má fi falẹ̀: ó gbọ́, ó tún un pè, kò rántí, kò sì mọ̀ ọ́n nígbà tí a dárúkọ rẹ̀, ó tún ní òun gbọ́ orúkọ ohun tí a kò pè. Pẹ̀lú ọ̀nà tó ṣì, ó ní láti rí dókítà ọpọlọ tàbí dókítà tó ń tọ́jú àgbàlagbà. Síbẹ̀, "àrùn ìgbàgbé" kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu yín. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ so ìwé yìí mọ́ ọn, ẹ tọ́ka wọn sí ilé ìwòsàn ńlá: National Hospital wà ní Central Area, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá wà ní Gwagwalada. Àwọn tó wà ní ìhà Kaduna ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún ọpọlọ àti iyè ní Barnawa.

Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn náà gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀, níkọ̀kọ̀. Ẹ bèèrè ohun kan pàtó: ṣé wọ́n ń bi ìbéèrè kan náà léraléra láàárín wákàtí kan? Ṣé wọ́n ti ṣìnà lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì rí? Ṣé ṣéńjì ń dà wọ́n rú? Ṣé gáàsì ti jó ìkòkò gbẹ? Bí nǹkan wọ̀nyí bá ń ṣẹlẹ̀ nílé tí awò ní kò sí nǹkan, ilé ni mo máa gbà gbọ́.

Kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, pẹ̀lú nǹkan márùn-ún mìíràn, nínú yàrá kan náà, pẹ̀lú awò kan náà. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn ti ìgbà yẹn, kì í ṣe ìyá ẹlòmíràn.

## Ọ̀rọ̀ àṣírí

Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra pàtàkì. Ẹ gba ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀, tàbí ìka títẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Ẹ má fi orúkọ wọn ṣí àkáǹtì nínú awò. Nọ́ńbà ni kí ẹ lò. Ẹ má ya fídíò Màmá pẹ̀lú awò lójú kí ẹ gbé e sórí WhatsApp ẹbí, bó ti wù kó pani lẹ́rìn-ín tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohun tí ẹ rí ṣe ìwádìí tí ẹ máa gbé jáde, ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn.

## Bí kò bá sí awò

Owó awò kì í ṣe kékeré, àwọn kan ò sì ní gbà á lójú láéláé. Ẹ lè lo ọjà gidi. Mo máa ń ṣe é fún àwọn tí òòyì ń kọ́:

1. Ẹ yan ìsọ̀ kan tí wọn kì í sábà lọ, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tí kò sí títì ńlá láti sọdá. Ẹ ti bá onísọ̀ sọ ọ́.
2. Ẹ bá wọn rìn dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà sílé, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
3. Ẹ rán wọn ní nǹkan mẹ́ta, ẹ fún wọn lówó tí ṣéńjì yóò ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sí bébà fún wọn.
4. Ẹ fi kún un pé: "Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi kí onísọ̀, ẹ ní mo ní mò ń bọ̀ lálẹ́."
5. Ẹ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn díẹ̀, níbi tí wọn ò ti ní rí yín. Bí wọ́n bá ṣìnà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dojú kọ títì, ẹ sáré pè wọ́n.
6. Ẹ kọ aago tí wọ́n jáde, ibi tí wọ́n ti dúró wò yíká, ohun tí wọ́n rà, iye ṣéńjì tó wà lọ́wọ́ wọn, àti bóyá onísọ̀ gba ìkíni náà.